Àwọn tí a jọ ń ṣòwò láti òkè òkun ń bọ̀ wá jẹun nílé wa ní Gbàgádà: irú Gẹ̀ẹ́sì wo ni ká fi gbà wọ́n?

Atẹ̀wé Ṣómólú

Ẹ kú ilé o, gbogbo ilé. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mo ń ṣe ní Ṣómólú. Àwọn méjì kan tó ń ta ẹ̀rọ àti pààtì ẹ̀rọ fún wa wà ní Èkó báyìí. Ọkùnrin kan láti Lọ́ńdọ̀nù ni, àti obìnrin kan láti Jámánì. Òtẹ́ẹ̀lì kan ní Victoria Island ni wọ́n dé sí. Èmi àti ìyàwó mi ti ní kí wọ́n wá jẹun alẹ́ lọ́dọ̀ wa ní Sátidé tó ń bọ̀, wọ́n sì ti gbà.

Ní ṣọ́ọ̀bù, Gẹ̀ẹ́sì ò yọ mí lẹ́nu. Mo lè fi dúnàá-dúrà, mo sì lè fi jà bí ẹrù bá pẹ́ jù ní Àpápá. Ti ilé ló ń kọ mí lóminú. Bí wọ́n bá wọlé, kí ni kí n sọ dípò "ẹ káàbọ̀, ẹ kú ọ̀nà, ẹ kú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ"? Báwo lèèyàn ṣe ń fi oúnjẹ lọ̀ wọ́n tí kò ní dà bí ẹni ń pàṣẹ? Ìyàwó mi ní kí n ṣáà máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ bá mi dá sí i.

Sisí Yàbá

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ o, ẹ̀gbọ́n. Òtẹ́ẹ̀lì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ìdí tábìlì tí wọ́n ti ń gba àlejò gan-an, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí mọ́ mi lára.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo wa la máa ń sọ pé "You are welcome" fún ẹ káàbọ̀. Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tó bá dúpẹ́ ni wọ́n ń dá lóhùn bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti pẹ́ ní Èkó á ti mọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé á máa ronú ohun tí òun dúpẹ́ lé lórí. "Welcome! Do come in" ti tó. Ẹ kú ọ̀nà tiwọn ni "How was the journey?" tàbí "Did you find us all right?" Bí ìbéèrè ló rí, ṣùgbọ́n ìkíni ni. Bí wọ́n bá ní "Fine, thanks," ẹ má bi wọ́n ní kúlẹ̀kúlẹ̀ mọ́.

"Sit down" lásán dà bí ohùn tísà. "Please have a seat, anywhere you like" ló dáa. Bí àga kan bá sì wà nílé yín tí ẹlòmíì kì í jókòó sí, ẹ ti nawọ́ sí òmíràn kí àlejò tó débẹ̀: "Would you like to sit here, near the fan?"

Ní ti nǹkan mímu, ẹ fi "What will you take?" sílẹ̀, ẹ má sì pe ọtí ẹlẹ́rìndòdò ní "mineral" fún wọn, omi ni wọ́n máa rò pé ẹ fẹ́ gbé wá. Ẹ dárúkọ ohun tó wà nílé: "Can I get you something to drink? There's water, juice, malt, and beer if you'd like one." Ìdí tí mo fi ní kí ẹ dárúkọ wọn ni pé ara ń ni wọ́n láti béèrè ohun tó lè máà sí nílé. Bí wọ́n bá ti gbọ́ orúkọ rẹ̀, ọkàn wọn á balẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí o. Lọ́dọ̀ wa, àlejò tó bá gba oúnjẹ lójú ẹsẹ̀, ọ̀kánjúwà là ń rò sí i. Á kọ́kọ́ kọ̀, onílé á rọ̀ ọ́, á tún kọ̀, wọ́n á tún rọ̀ ọ́, ìgbà yẹn ni á wá ní "ẹ bù díẹ̀ wá." Òyìnbó tó bá ní "No, thank you," ó ti kọ̀ nìyẹn. Ẹ bi í lẹ́ẹ̀kan sí i, "Are you sure?", kó sì tán síbẹ̀. Bí ẹ bá rọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ńṣe ló máa dà bíi pé ẹ ò gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́. Ti òdìkejì ló tún le jù: bí ẹ bá lọ sílé wọn, tí ẹ kọ́kọ́ kọ̀ nítorí ìtìjú, wọn ò ní rọ̀ yín. Wọ́n á gbé àwo kọjá, ebi á wá di tiyín.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó

Ta ló ń gba ta lálejò gan-an níbí? Ilé wa ni wọ́n ń bọ̀. Bí mo bá dé Lọ́ńdọ̀nù, ta ló máa kí mi kú ọ̀nà? Ẹ kí wọn bí a ṣe ń kí èèyàn, ẹ bu oúnjẹ fún wọn kó kún àwo, wọ́n á mọ̀ pé àwọn dé ilé ọmọ Yorùbá. Gẹ̀ẹ́sì tí à ń sọ ní Èkó náà, Gẹ̀ẹ́sì ni. Ní oṣù kìíní ọdún 2020, àwọn tó ń ṣe ìwé atúmọ̀-èdè Oxford English Dictionary fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà bíi mọ́kàndínlọ́gbọ̀n sínú rẹ̀. "Next tomorrow" wà níbẹ̀, "danfo" wà níbẹ̀, "buka" náà wà níbẹ̀.

Sisí Yàbá

Bọ̀dá mi, òótọ́ ni, inú mi sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n àlejò ò tíì ka ìwé náà. Ẹni tí ẹ bá sọ fún pé "come next tomorrow" lè wá lọ́la. Ẹ pe ọjọ́, kẹ́ ẹ pe déètì, kẹ́ ẹ pe aago. Ìyẹn ò gba Yorùbá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Mi ò ní ká má kí wọn kú ọ̀nà. Ẹ kí wọn ní Yorùbá, ẹ sọ Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ lé e, inú wọn á dùn láti kọ́ ọ. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí wọ́n lè yan ohun tó bá wọn lára láìsí ìtìjú.

Alhaja Oníléèsì

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú àpérò. Léèsì ni mo ń tà ní Bàlógun. Ẹni tó bá mọ ìtàn aṣọ yìí mọ̀ pé láti àwọn ọdún 1960 ni àwọn ará Lustenau, ìlú kan ní apá Vorarlberg lórílẹ̀-èdè Ọ́sítríà, ti ń ṣe léèsì fún ọjà wa níbí. Àwọn oníṣòwò Èkó ń lọ sọ́dọ̀ wọn lọ yan bátànì àti àwọ̀, àwọn náà ń wá wo ohun tó ń tà lọ́jà. Ìdí oúnjẹ nílé wa ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dán mọ́rán, kì í ṣe inú ṣọ́ọ̀bù tí aláàárù ti ń pariwo "àgò" mọ́ èèyàn létí.

Èmi kì í bọ ọkùnrin lọ́wọ́. Mo máa ń gbé ọwọ́ lé àyà, màá rẹ́rìn-ín, màá ní: "I don't shake hands, but I'm so glad you came." Kò sí ẹni tó bínú sí i rí. Kí èèyàn kàn fa ọwọ́ sẹ́yìn láìsọ nǹkan kan ló ń dun àlejò.

Àwọn ọmọ-ọmọ mi máa ń kúnlẹ̀ kí wọn. Òmíràn nínú àwọn àlejò á sáré fẹ́ fà wọ́n dìde, ojú á tì í, á dà bíi pé wọ́n ń sìn ín. Ẹ ṣàlàyé wẹ́rẹ́: "That's how our children greet older people. You can just say hello." Ó tán. Ẹ má ní kí àwọn ọmọ yín má kúnlẹ̀ nítorí àlejò. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Atẹ̀wé, o ní ará Jámánì wà níbẹ̀. Àwọn tó ń sọ èdè Jámánì, bí wọ́n bá ń bọ èèyàn lọ́wọ́ tàbí tí wọ́n bá ń fi ife kan ife, ojú ni wọ́n ń wò. Àwa kọ́ ọmọ wa pé kó má wo àgbà lójú. Bí o bá ń wo ilẹ̀ nítorí ọ̀wọ̀, àwọn á rò pé o ń fi nǹkan pa mọ́, pàápàá bí ọ̀rọ̀ owó bá wà láàárín yín.

Ní ti bàtà, ọ̀pọ̀ wọn ń bọ́ bàtà nílé tiwọn náà. Wọ́n á bi ọ́ pé "Shall I take my shoes off?" Bí kò bá ká ọ lára, sọ pé "Oh, please don't worry." Bí ẹ bá ń kírun nínú pálọ̀ bíi tiwa, ọ̀nà tí wọ́n fi ń sọ ọ́ ni: "We leave our shoes by the door, if you don't mind."

Akọ̀wé Ìlúpéjú

Ẹ ṣeun, Alhaja. Ará Íńdíà ni ọ̀gá mi, wọ́n pọ̀ ní Ìlúpéjú níbí. Kì í jẹ ẹran, kì í jẹ ẹja, kì í jẹ ẹyin. Oníbàárà wa kan gbà á lálejò, wọ́n ní "there is no meat inside, sir," ọ̀gá sì rí edé tó ń wò ó látinú ẹ̀fọ́. Kò jẹ ẹ̀fọ́ náà mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò fẹ́ kí onílé mọ̀. Orí ìrẹsì funfun àti dòdò ló ń gbé. Kò sí ẹran nínú ẹ̀fọ́ náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni ohun tó yẹ kí wọ́n béèrè.

Ẹ̀gbọ́n Atẹ̀wé, ẹ bi wọ́n láti ọjọ́ tí ẹ bá ti pè wọ́n: "Is there anything you don't eat?" Ó ju "Do you eat meat?" lọ, torí ó kó ẹlẹ́dẹ̀, ọtí, edé, ẹ̀pà, gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹ̀pà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré o. Àwọn kan wà tí ẹ̀pà lè sọ di èrò ọsibítù.

Dẹ́rẹ́bà Ìkòyí

Ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi, èmi ni mò ń gbé wọn kiri.

Wọ́n ń kó gírígírí bí wọ́n bá gbọ́ "hold-up." Òmíràn ò mọ̀ ju pé wọ́n ti yọ ìbọn síni lọ́nà. Ẹ sọ pé "traffic." Ẹ má sì sọ fún obìnrin òyìnbó pé kó "flash" yín bó bá dé géètì. Ẹ jọ̀ọ́. Ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́ lọ́dọ̀ wọn, mi ò lè kọ ọ́ síbí, Alhaja wà nílé. "Give me a ring when you get to the gate" ni kí ẹ sọ.

Bí ẹ bá ń gbé inú ẹsitéètì tó ń lo kóòdù, ẹ fi ránṣẹ́ kí wọ́n tó kúrò ní VI, kì í ṣe ìgbà tí wọ́n bá ti dé iwájú géètì tí géètímáànù ń na tọ́ọ̀ṣì sí wọn lójú. "I'll send you the gate code on Saturday afternoon. Someone will come out and meet you."

Nípa àkókò: ará Jámánì tí ẹ bá pè ní aago 7, aago 7 ló ń bọ̀. Òyìnbó Lọ́ńdọ̀nù lè fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pẹ́ sí i, wọ́n ní kò dáa kí èèyàn bá onílé nínú kíṣìnnì. Àwọn méjèèjì jọ wà nínú mọ́tò kan náà, nítorí náà ẹ tọ́jú ara yín. Sátidé sì ni, ọjọ́ òde àríyá. Afárá Third Mainland lè fà wọ́n sẹ́yìn. Bí wọ́n bá pè pé àwọn ti pẹ́, ẹ fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀: "Please don't rush. Dinner can wait."

Ẹ rántí dẹ́rẹ́bà wọn. "Has your driver eaten?" Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo máa ń gbọ́ nílé Yorùbá, mi ò sì tíì gbọ́ ọ níbòmíì.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó

Dẹ́rẹ́bà, ti ìparí yẹn ni mò ń sọ látàárọ̀!

Alábòójútó

A ti yọ ìpolówó "kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́jọ́ méje" tí ẹnì kan gbé síbí. Ẹ máa bọ́rọ̀ lọ.

Atẹ̀wé Ṣómólú

Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti bi àwọn méjèèjì nípa oúnjẹ, mò ń retí èsì. Ó ku nǹkan mẹ́ta. A máa ń gbàdúrà ká tó jẹun, ìyàwó mi ò sì ní gbà ká fò ó. Ìkejì, bí wọ́n bá múná lọ ńkọ́? Ìkẹta, ṣé mo lè mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tí mo fẹ́ rà, àbí kí n fi í sílẹ̀ di ọjọ́ Mọ́ńdè?

Tísà Agége

Àdúrà: "We usually say a short prayer before we eat. Please join us if you like." Kó kúrú lóòótọ́ o. Kì í ṣe àdúrà ìdúpẹ́ ọdún.

Iná: "They have taken light" á mú kí wọ́n bi yín pé ta ni. "The power's gone. The generator will be on in a minute." Ẹ má tọrọ àforíjì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ẹ̀yin kọ́ lẹ múná lọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un, nítorí mo ń kọ́ àgbàlagbà ní Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ ni mo ti ń bá a pàdé. Bí ẹ bá fẹ́ dìde lọ sí kíṣìnnì, ẹ má sọ pé "I'm coming" kẹ́ ẹ sì máa lọ. "Excuse me a moment" tàbí "I'll be right back." Bí àlejò bá da omi sára, tí ẹ bá ní "Sorry!" bí a ṣe ń sọ pẹ̀lẹ́, ó lè máa wò ó pé kí lẹ ṣe. Ẹ sọ pé "Oh dear, are you all right?" Ẹ má yin ẹnikẹ́ni pé ó ti sanra. Ẹ má béèrè ọjọ́ orí, ẹ má béèrè pé kí ló dé tí kò tíì lọ́kọ. Ẹ lè béèrè nípa ìlú tí wọ́n ti wá, ojú ọjọ́, oúnjẹ, bọ́ọ̀lù. Bí àwọn fúnra wọn bá mẹ́nu ba ọmọ, ẹ lè wá béèrè.

Èyí tó ń kó àwọn ọmọ kíláàsì mi sí wàhálà jù: bí àlejò bá ní "Would you mind if I opened the window?", tí ẹ sì dáhùn "Yes," ẹ ti ní kó má ṣí i. "Not at all, go ahead" ni ìdáhùn ẹni tó gbà.

Sisí Yàbá

Tísà ti sọ gbogbo rẹ̀ tán. Ti ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ló kù. Ẹ má gbé ìwé owó sórí tábìlì oúnjẹ. Ẹ lè fi ṣeré níbẹ̀rẹ̀: "Shall we leave business until after dinner?" Wọ́n á rẹ́rìn-ín, gbogbo èèyàn á sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ń bọ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ, tí ẹ ti jókòó sí pálọ̀: "Would you mind if we talked about the machine for a few minutes?" Bí ará Jámánì yẹn bá dáhùn "Not at all," ẹ ti mọ ohun tó túmọ̀ sí báyìí. Ẹ má dúnàá-dúrà lórí iye rẹ̀ nílé o. Ẹ ti bọ́ wọn, ó máa dà bíi pé oúnjẹ lẹ fẹ́ fi gba ẹ̀dínwó.

Alhaja Oníléèsì

Ọmọ mi Sisí, kí ló burú nínú ẹ̀? Nílé mi, ìgbà tí wọ́n bá ti jẹun yó ni mo máa ń dúnàá-dúrà. Àwọn náà mọ̀. Ọjà ni gbogbo wa ń ṣe.

Sisí Yàbá

Alhaja, ẹ̀yin àti àwọn ti di ẹbí! Àwọn ti Atẹ̀wé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀ ọ́n ni.

Ìyá Olóúnjẹ Ọ̀gbà

Mò ń se oúnjẹ fún àwọn ilé-iṣẹ́, mo ti rí ọ̀pọ̀ òyìnbó tó ń sunkún lórí ọ̀fadà. Ẹ má bi wọ́n pé "Do you like pepper?" Gbogbo wọn á ní bẹ́ẹ̀ ni, nítorí ata tí wọ́n mọ̀ kọ́ ni ata wa. Ẹ ya ata sọ́tọ̀ sínú abọ́ kékeré: "This one is quite hot. Try a little first." Ọ̀nà yẹn, kò sí ẹni tí ojú máa tì.

Ẹ má bu oúnjẹ fún wọn. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí á dun Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó. Ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n ti kọ́ láti kékeré pé kí wọ́n jẹ ohun tó wà nínú àwo tán. Bí ẹ bá bu òkìtì, wọ́n á máa jẹ ẹ́ bí ẹni ń san gbèsè. Ẹ gbé gbogbo rẹ̀ sí àárín tábìlì, kẹ́ ẹ ní "Please help yourselves." Létí wa, ó dà bí ẹni ní kí àlejò lọ wá bó ṣe máa ṣe é, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wọn ìtẹ́wọ́gbà ni. Nígbà tó bá yá: "Would you like some more?" Ẹni tó bá ní "I'm fine, thanks" tàbí "I'm good," ó ti yó nìyẹn. Kì í ṣe àlàáfíà rẹ̀ ló ń sọ fún yín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ "Please manage it." Ẹ ti náwó, ẹ ti se ìrẹsì, mọ́ínmọ́ín, ẹja yíyan, ẹ wá ní kí wọ́n fara mọ́ ọn. Àwa mọ̀ pé ìrẹ̀lẹ̀ ni. Ẹni tí kò mọ̀ á máa wá ibi tí àléébù oúnjẹ náà wà. "I hope you like it" ti tó.

Bí ẹ bá fẹ́ se òkèlè, ẹ gbé fọ́ọ̀kì sí i, kẹ́ ẹ bi wọ́n: "Would you like a fork, or will you try it with your fingers?" Èyí tó bá fẹ́ fi ọwọ́ jẹ ẹ́ á sọ, ẹ fún un lómi.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó

Ó dùn mí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mo gbọ́. Lójú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, lẹ́yìn rẹ̀ là ń san án; ó dáa kí wọ́n jẹ ìwọ̀n tí wọ́n lè jẹ, kí ìyókù wà fún wa ní Sọ́ńdè.

Atẹ̀wé Ṣómólú

Ọ̀rọ̀ tún ti yí o. Ọkùnrin Lọ́ńdọ̀nù ní òun ní ẹlẹgbẹ́ kan tó ń gbé ní Ìkòyí, ẹni yẹn sì ti ní kí èmi àti ìyàwó mi wá mu nǹkan lọ́dọ̀ àwọn ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Èmi ni àlejò báyìí. Ẹ má bínú, ẹ tún bá mi dá sí i.

Alhaja Oníléèsì

Lọ. Má sọ "I will try." Fún àwa, "I will try" lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ó lè jẹ́ rárá tí a fi aṣọ bò. Onílé tí yóò ra ọtí tí yóò ka àga fẹ́ mọ̀. "Thank you, we'd love to come." In ṣā Allāh ò burú, ẹ̀yìn ìdáhùn ni kó wà: "Yes, we'll be there at seven, God willing." Bí o kò bá ní lè lọ, "I'm afraid we can't make it that day" kò lè bà ọ́ jẹ́ lójú wọn.

Má mú ẹlòmíì dání o. Kì í ṣe àbúrò rẹ, kì í ṣe ọ̀rẹ́ tẹ́ ẹ jọ wà lọ́nà. Iye ènìyàn tí wọ́n pè ni oúnjẹ wọn bá mu.

Sisí Yàbá

Ẹ bi wọ́n pé "Can we bring anything?" Wọ́n á ní "Just yourselves." Ẹ mú nǹkan lọ síbẹ̀síbẹ̀: òdòdó, ṣokoléètì, wáìnì bí ẹ bá mọ̀ pé wọ́n ń mu ún. Ọwọ́ ọ̀tún tàbí ọwọ́ méjèèjì: "This is just a little something for you." Ẹ má kó ẹ̀bùn olówó ńlá lọ fún ẹni tẹ́ ẹ jọ ń ṣòwò. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan ní òfin nípa ẹ̀bùn, ẹ lè kó onílé sí wàhálà.

Bí wọ́n bá ní "Call me" pẹ̀lú orúkọ àkọ́kọ́ wọn, ẹ pè é bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹnu ń wúwo, pàápàá bó bá ju wa lọ. "Mister" pẹ̀lú orúkọ àkọ́kọ́ tí a máa ń lò ò bù wọ́n kù, ó kàn ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín ni. Bí ẹ ò bá sì mọ èyí tí wọ́n fẹ́: "What would you like us to call you?"

Ilé ìtọ̀: "Could I use your bathroom, please?" "I want to ease myself" ò ṣe é sọ nínú pálọ̀ wọn.

Dẹ́rẹ́bà Ìkòyí

Bí ẹ bá fẹ́ máa lọ, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́. Wọn ò ní lé yín. "Well, it's getting late. We really should be going." Onílé á ní "Must you go so soon?" Ẹ má tún jókòó padà o! Ìwà ọmọlúàbí ló ń fi bẹ́ẹ̀ ṣe. Mo ti jókòó sínú mọ́tò tí ọ̀gá mi dìde lẹ́ẹ̀mẹta.

Bí wọ́n bá sì ní "You must come again sometime," ẹ dúpẹ́. Bí wọn ò bá dá ọjọ́, wọn ò tíì pè yín.

Tísà Agége

Lẹ́nu ọ̀nà: "Thank you for having us." Mo ń rán yín létí torí "Thanks for your hospitality" tí a fẹ́ràn dà bí ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà ìjọba.

Sisí Yàbá

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ kú àná wa náà: "Thank you both for a lovely evening. It was so good to meet you." Ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ó ti tó. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ìnfọ́ọ̀sì kún un. Bí ó bá kan ìnfọ́ọ̀sì, ẹ fi ìméèlì mìíràn ránṣẹ́ ní Mọ́ńdè.

Atẹ̀wé Ṣómólú

Mo ti ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Èsì oúnjẹ ti dé: ọkùnrin Lọ́ńdọ̀nù ní òun ń jẹ ohun gbogbo. Obìnrin Jámánì ní òun kì í jẹ ẹran, ẹja ò burú. Ẹran ògúnfe mẹ́rin kìlógíráàmù sì ti wà nínú fíríìsà mi.

Ìyá Olóúnjẹ Ọ̀gbà

Ẹ se ògúnfe yín. Ẹ se ẹ̀fọ́ rírò pẹ̀lú ẹja nínú ìkòkò mìíràn, kẹ́ ẹ má fi omi ẹran sí ìrẹsì. Ẹ̀tàn ibẹ̀ nìyẹn, òun ni gbogbo èèyàn máa ń gbàgbé. Bí ẹ bá gbé e kalẹ̀, ẹ fọwọ́ tọ́ka sí i kó má bàa máa béèrè: "There's no meat in these two, and no meat stock either." Ṣé ẹ ní ìkòkò kejì, àbí kí n yá yín?

Atẹ̀wé Ṣómólú

Ìyàwó mi ní kí ẹ yá wa. Ó ní kí n bi yín pé ṣé Ọ̀gbà náà ni ṣọ́ọ̀bù yín wà, kí n yà síbẹ̀ ní Fúráìdè.